Bàbá Líìgì: Awakọ̀ Tí Kò Gbá Bọ́ọ̀lù Rí

Bàbá àgbà mi kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé wọn. Èmi fúnra mi ni mo bi wọ́n. Mo ní, "Bàbá, ṣé kò tilẹ̀ sí ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀lù yí wá síwájú yín, tí ẹ fẹsẹ̀ ta á padà?" Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ó yí wá. Mo fọwọ́ gbé e fún ẹni tó ni ín." Síbẹ̀, títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀, Bàbá Líìgì ni àwọn ọkùnrin tó ti hewú ń pè wọ́n láti Ilero dé Ìwéré-Ilé, láti Irawo dé Ṣakí. Ọ̀rọ̀ yìí ń rú mi lójú láti kékeré. Báwo ni ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí ṣe di bàbá fún àwọn agbábọ́ọ̀lù? Láti ìgbà tí wọ́n ti kú ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀, ohun tí mo rí kó jọ ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ràjí Àlàó ni orúkọ wọn. Bàbá Mùyì ni gbogbo Ilero ń pè wọ́n, nítorí Mùyìdéènì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni àkọ́bí wọn. Awakọ̀ ni wọ́n. Mọ́tò akẹ́rù kan ni wọ́n ní, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ irin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣu àti gbágùúdá ni wọ́n ń fi kó lọ sí Ìsẹ́yìn. Ní ọjọ́ Sátidé, agbábọ́ọ̀lù ni.

Líìgì tí mo ń wí kì í ṣe ti àwọn ọmọ ilé-ìwé o. Ti àwọn àgbà ọkùnrin ni: àgbẹ̀, télọ̀, tíṣà, mẹkáníìkì, àwọn tó ní aya àti ọmọ nílé. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje. Nígbà òjò kò sí bọ́ọ̀lù, oko ni gbogbo wọn wà. Ìgbà tí wọ́n bá wa iṣu tán, tí ọyẹ́ dé, tí iná ìgbẹ́ sì jó koríko ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ń ri igi mọ́lẹ̀ fún ojú ilé bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ kan bá dé tí ẹnì kan nínú wọn kò ní bàtà, gbogbo àwọn tó kù, tọ̀tún tòsì, á bọ́ tiwọn. Mo béèrè ẹni tó ṣe òfin yẹn, kò sẹ́ni tó rántí. Ohun tí wọ́n rántí ni pé ní ọjọ́ tí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, bàbá àgbà mi jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́tò, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún yín dọ́gba. Ẹ fi ìyẹn gbá a."

Bàbá àgbà mi kì í fi mọ́tò sáré. Kí wọ́n tó ṣí mọ́tò, wọ́n á yí i po, wọ́n á fọwọ́ kan táyà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fọwọ́ kan orí ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gòkè, wọ́n á ní Bìsìmílà, wọ́n á sì máa lọ jẹ́jẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń kánjú á máa fọwọ́ gbá pákó lẹ́yìn. Ìyá mi sọ fún mi pé ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kọjá wọn lójú ọ̀nà Irawo. Ariwo ta. "Bàbá Mùyì, kẹ̀kẹ́ mà ti kọjá wa o!" Wọn kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Iṣu ara rẹ̀ ló gbé. Èmi, ọmọ ọlọ́mọ ni mo kó."

Ìjà tí wọ́n bá Tíṣà Láṣún jà nítorí ìrun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tíṣà Láṣún ni balógun ẹgbẹ́ Ilero nígbà náà, onígbàgbọ́ ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa lọ bó ti yẹ. Bí oòrùn bá ti rọ́ dé ibi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tó wà lẹ́yìn pápá, bàbá àgbà mi á bọ́ sí àárín pápá, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè. Àkókò ìrun alásárì ti tó nìyẹn.

"Bàbá, ìlàjì àkọ́kọ́ kò tíì pé," Tíṣà á wí.

"Ó ti pé."

"Aago ọwọ́ réfirí ní kò tíì pé."

"Láṣún, bọ́ọ̀lù lè dúró dè wá. Oòrùn kò dúró de ẹnikẹ́ni rí."

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n gbé e dé iwájú àwọn àgbà ìlú. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìsinmi àárín eré sí àkókò alásárì ní gbogbo ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì tán síbẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé Tíṣà Láṣún yìí kan náà ló wá ń pọn omi sínú bútà kí wọ́n tó dé ìdí igi tí wọ́n ti ń kírun. Bàbá àgbà mi kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún un: "Láṣún, omi rẹ tutù dáadáa."

Ìyá àgbà mi, Sàlámátù, kò fẹ́ràn líìgì náà. Òrí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń pa ẹsẹ̀ máa ń rin pákó mọ́tò gbingbin. Bí àwọn oníṣòwò bá gbé gàrí wọn sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gàrí á máa rùn bí ẹsẹ̀ ọkùnrin. Ìyá àgbà ni wọ́n ń fi ẹjọ́ sùn. Ìyá mi ní ìyá àgbà á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á pàtẹ́wọ́ sókè, kí gbogbo agboolé lè gbọ́. "Ọkọ mi fẹ́ ìyàwó méjì, èmi àti bọ́ọ̀lù. Ẹ wá wò ó o, bọ́ọ̀lù ni ìyálé!"

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù ni ohun tí wọ́n ń wò. Nítorí gbogbo ẹni tí mo bi ló sọ fún mi pé Bàbá Mùyì kì í wo bọ́ọ̀lù. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dúró ti mọ́tò wọn létí pápá, wọ́n á kẹ̀yìn sí àwọn tó ń gbá a, wọ́n á kọjú sí àwọn òǹwòran. Àwọn agbábọ́ọ̀lù lè gbá góòlù wọlé, kí Bàbá má tilẹ̀ yíjú. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n ti darúgbó, mo ní kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àṣàkẹ́, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbá, gbogbo ojú ló sì wà lára rẹ̀. Ta ni yóò wá wo àwọn tó ń wò ó?"

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bàbá àgbà mi ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́.

Eré àṣekágbá ni, Ilero àti Ìwéré-Ilé, ní pápá Ilero. Àwọn ará Ìwéré kò rí mọ́tò gbé wọn lọ́jọ́ náà, nítorí náà bàbá àgbà mi ló lọ kó wọn wá láàárọ̀. Gàníyù ni balógun wọn, àgbẹ̀ onígbágùúdá tó ga fíofío. Àbúrò rẹ̀, Sùlé, ló ń ṣọ́ ilé fún wọn. Wọ́n ní bí Sùlé bá na ọwọ́, bí ẹni pé ó na ẹ̀ka igi ni. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn nígbà náà, bí wọ́n ṣe rí nígbà náà ni mo ṣe ń pè wọ́n yìí, kí wọ́n má bínú sí mi.

Ìwéré ti gbá góòlù kan wọlé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Ilero náà gbá tiwọn wọlé, ìlú ké, àwọn èèyàn fò sókè. Réfirí, ọkùnrin kan láti Ṣakí, fọn fèrè, ó ní wọ́n fọwọ́ kàn án. Kò gbà á wọlé.

Bàbá àgbà mi rí i pé àwọn kan ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí pápá. Bàbá kò dúró láti wo ohun tí wọ́n ń ṣà. Wọ́n gun mọ́tò. Ẹni tí kì í sáré tẹ mọ́tò wọ inú pápá gan-an, pẹ̀lú fèrè tí wọ́n ń tẹ̀ láìdákẹ́, wọ́n sì gbé e dúró sáàárín àwọn àlejò àti èrò tó ń bọ̀. Òkúta ń ró gbàgà-gbàgà lára irin. "Ẹ wọlé! Ẹ wọlé, kíá!" Réfirí wọlé, àwọn ará Ìwéré ń fa ara wọn gòkè. Sùlé tó dúró kí àwọn tó kù lè kọ́kọ́ wọlé ni òkúta ńlá kan bà lọ́wọ́. Gàníyù sọ fún mi pé òun gbọ́ ìró eegun náà.

Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra, ọkùnrin kan dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Lásísì ni, àbúrò bàbá àgbà mi, ọmọ ìyá wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn wo ni ẹ ń gbé sá lọ yẹn?"

"Àlejò mi. Èmi ni mo kó wọn wá."

"Ará Ilero ni yín àbí ará Ìwéré?"

"Lásísì, kúrò lọ́nà."

Lásísì kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n gbé Sùlé lọ sí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ náà san, àmọ́ ó tẹ̀, kò lè nà án mọ́. Iṣẹ́ aṣọ́lé rẹ̀ parí síbẹ̀. Líìgì náà parí pẹ̀lú rẹ̀. Ọyẹ́ dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò ri igi mọ́lẹ̀. Ará Ìwéré kò ná ọjà Ilero mọ́, ará Ilero kò gba Ìwéré kọjá. Ní Ilero, àwọn èèyàn kan kò wọ mọ́tò bàbá àgbà mi mọ́. Bí wọ́n bá kí wọn, ìkíni náà kì í ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ìyá mi rántí pé lọ́jọ́ Iléyá, Lásísì gbé ẹran tirẹ̀ gba iwájú ilé àwọn kọjá láìyà. Bàbá àgbà jókòó lórí ẹní, wọ́n ń wò ó lọ. Ìyá àgbà, tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rárá, ló sunkún. Bàbá àgbà mú ẹran tí wọ́n fẹ́ fún Lásísì, wọ́n ní, "Ẹ bò ó dè é. Ebi á pa á."

Ọyẹ́ kejì ti dé, iná ìgbẹ́ ti jó koríko, nígbà tí bàbá àgbà mi ṣe ohun tí wọ́n fi gba orúkọ Bàbá Líìgì. Èyí ni mo gbọ́ lẹ́nu Gàníyù fúnra rẹ̀, ó ti di Àlàájì báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́.

Ó ní Bàbá Mùyì wá bá òun ní Ìwéré ní òwúrọ̀ kan, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Ìsẹ́yìn, bí òun bá ní gbágùúdá tí òun fẹ́ tà, kí òun gbé e wá. Ẹni tó gba àbúrò òun là ni, òun kò lè kọ̀ wọ́n. Òun jókòó níwájú pẹ̀lú wọn. Nígbà tí wọ́n kọjá ní Ilero, òun bo ojú òun pẹ̀lú fìlà. Òun gbọ́ tí ẹnì kan gun ẹ̀yìn mọ́tò, òun kò wo ẹni tó jẹ́. Tíṣà Láṣún ni. Wọ́n ti sọ fún Tíṣà náà pé ààyè wà, kó wá bá wọn lọ ra ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀.

Wọ́n dé àárín ìgbẹ́, níbi tí kò sí ilé kankan, mọ́tò tú èéfín díẹ̀, ó dákẹ́. Bàbá àgbà mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí iwájú rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí. Wọ́n ní, "Mọ́tò ti kú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá sí abẹ́ ibòji."

Gàníyù sọ̀ kalẹ̀ níwájú, Láṣún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n rí ara wọn.

"Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn padà sílé," Gàníyù sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n ilé jìnnà, oòrùn sì mú."

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí kan, Gàníyù lápá kan, Láṣún lápá kejì, bàbá àgbà mi láàárín. Fúlàní kan da màlúù kọjá, ó kí wọn, bàbá àgbà nìkan ló dáhùn. Nígbà tí ebi ń pa wọ́n, bàbá àgbà lọ gbé abọ́ kan wá láti inú mọ́tò, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Iṣu sísè ni, ó kún dé ẹnu, pẹ̀lú epo àti ata.

Gàníyù wo abọ́ náà. Ó wo bàbá àgbà mi.

"Bàbá, ẹni tó ń dá rìnrìn àjò kì í gbé iṣu tó tó báyìí."

"Ìyàwó mi ló sè é. Bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn."

"Ṣé Ìyá Mùyì mọ̀ pé a ó pọ̀ tó báyìí?"

Bàbá àgbà mi gbé abọ́ náà sáàárín, wọ́n ní, "Ẹ jẹun."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Gàníyù bú jáde. "Kí n bá a jẹ iṣu? Ọwọ́ àbúrò mi ńkọ́? Kí wọ́n mú ẹni tó sọ òkúta wá fún mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń béèrè. Kí wọ́n mú un wá!"

"A kò mọ̀ ọ́n," Láṣún wí. "Mo fi Ọlọ́run búra, mo béèrè káàkiri ìlú, a kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"A kò mọ̀ ọ́n, Gàníyù." Láṣún dìde. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n èmi ni balógun wọn. Kà á sí pé èmi ni mo sọ ọ́." Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko jíjóná yẹn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ́ wọ̀ dé Ìsẹ́yìn.

Gàníyù ní òun kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú òun. Ó ní òun wo eérú iná ìgbẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, òun ronú kan Sùlé, tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń bá a gbé ìbínú náà. Ó bù nínú iṣu náà, ó kì í bọ epo, ó na ọwọ́. "Dìde, Tíṣà. Gbà, kí o jẹ ẹ́."

Wọ́n jẹ iṣu náà tán. Bàbá àgbà mi nu ọwọ́ wọn, wọ́n dìde, wọ́n yọ wáyà kékeré kan láti inú àpò ṣòkòtò, wọ́n lọ fi í sí àyè rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò dún ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Bàbá àgbà mi ní, "Ó ti sàn. Ẹ gòkè, Ìsẹ́yìn ń dúró."

Àwọn ará Ṣakí àti Irawo kò nílò ẹ̀bẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Líìgì náà tún dìde, ó sì pẹ́ láyé. Nígbà tó máa kú, ìjà kọ́ ló pa á. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, epo mọ́tò ti wọ́n, àwọn ọkùnrin ń lọ sí Ìbàdàn àti Èkó lọ wáṣẹ́, àwọn tó kù sì ti ń dàgbà. Ní ọdún kan, wọn kò rí èèyàn tó tó ẹgbẹ́ méjì kó jọ mọ́. Bàbá àgbà mi ta mọ́tò náà fún ẹnì kan tó ń kó pákó. Nígbà tí mo bi wọ́n bóyá ó dùn wọ́n, wọ́n ní, "Ohun tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, kò yẹ kéèyàn sunkún rẹ̀ jù." Wọ́n kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan lórí ẹní wọn, lẹ́yìn ìrun àìlà, lẹ́yìn tí wọ́n ti bi ìyá mi bóyá gbogbo ilé ti jẹun.

Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ rántí wọn, ìdùbúlẹ̀ ikú yẹn kọ́ ni mo ń rántí. Ìdùbúlẹ̀ mìíràn ni, tí n kò sí láyé láti fojú rí, tí ìyá mi sọ fún mi.

Ọjọ́ tí Ìwéré kọ́kọ́ padà wá sí Ilero ni. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ìlú. Àwọn àgbà jókòó yí pápá ká, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé igi wá. Àwọn ará Ilero ní kí Sùlé wá gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó sì jáde, ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbá a, ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà títí dé òpin. Ìwéré na Ilero. Kò sẹ́ni tó sọ òkúta.

Bàbá àgbà mi kò rí ìkankan nínú rẹ̀. Láti ìdájí ni wọ́n ti wà lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń kó àwọn àlejò. Ọjọ́ náà nìkan ni wọn kò dúró wo àwọn òǹwòran. Wọ́n tẹ́ àpò gàrí sábẹ́ mọ́tò, wọ́n sì sùn fọnfọn.

Nígbà tí eré parí, Lásísì la àárín èrò kọjá. Àwọn èèyàn yà fún un, wọ́n ń wò ó, nítorí wọ́n mọ ohun tó wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó fọwọ́ kàn wọ́n léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Wọ́n ti gbá a tán."

Bàbá àgbà mi la ojú. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Wọ́n ti nà wá o," Lásísì wí.

"Ṣé gbogbo wọn ti wọ mọ́tò?"

"Wọ́n ti wọ̀ ọ́."

"Láìfarapa?"

"Láìfarapa."

Wọ́n na ọwọ́, Lásísì fà wọ́n dìde, ó gbọn eruku ẹ̀yìn aṣọ wọn. Wọ́n yí mọ́tò po, wọ́n fọwọ́ kan táyà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi máa gun iwájú, Lásísì ti jókòó síbẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn.

"Níbo lò ń lọ?" wọ́n bi í.

"Ìwéré," Lásísì wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ sìn wọ́n délé."